Ìtọ́jú ọpọlọ fún adití àti àwọn tó ní ìpèníjà ara: níbo gan-an ló ti ń há?

Tí ibà bá ń ṣe èèyàn, wọ́n á gba ẹ̀jẹ̀ ẹ̀, wọ́n á yẹ̀ ẹ́ wò, èsì á jáde, ìbáà sọ̀rọ̀ ìbáà má sọ̀rọ̀. Tí eegun bá kán, wọ́n á ya fọ́tò ẹ̀, dókítà á sì fojú ara ẹ̀ rí ibi tó ti kán. Àìsàn ọpọlọ ò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Kò tíì sí àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tó máa sọ fún dókítà pé ìsoríkọ́ ló ń da ẹni yìí láàmú, tàbí pé ó ti ń ronú àtigba ẹ̀mí ara ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ni wọ́n fi ń mọ̀ ọ́n, kí dókítà béèrè, kí aláìsàn dáhùn, kí dókítà máa wo bóyá ọ̀rọ̀ ń tò tẹ̀ léra àbí ó ń já, bí ojú ṣe rí, ohun tí ẹni náà sọ àti ohun tó fò dá. Ọ̀rọ̀ yìí kan náà ló tún kó ipa tó pọ̀ nínú ìtọ́jú ẹ̀.

Ẹ wá mú adití kan wọ yàrá yẹn, ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ ló fi ń sọ̀rọ̀ láti kékeré, ẹ fi dókítà tí ò gbọ́ ẹyọ kan nínú èdè ẹ̀ síwájú ẹ̀, kò sí ògbufọ̀, ìwé àti bírò ni wọ́n gbé lé e lọ́wọ́ pé kó kọ ohun tó ń ṣe é. Àyẹ̀wò wo ni wọ́n ṣe fún un? Lójú tèmi, wọn ò tíì ṣe nǹkankan. Tó bá ti di ọ̀rọ̀ ìlera ọpọlọ, kí aláìsàn àti dókítà gbọ́ ara wọn yé ni ìtọ́jú fúnra ẹ̀, àwọn tó ń kà á sí ojúṣàánú ló ń da nǹkan rú.

Àwọn tọ́rọ̀ yìí kàn pọ̀ gan-an o. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, ní èèyàn tó tó bílíọ̀nù 1.3 ló ní ìpèníjà ara tó lágbára, ìyẹn ẹnì kan nínú mẹ́fà láyé. Àwọn tí etí wọn di débi pé wọ́n nílò ìtọ́jú àti ìrànlọ́wọ́ lé ní mílíọ̀nù 430. Ẹgbẹ́ àwọn adití lágbàáyé, WFD, ní tiwọn sọ pé àwọn adití lé ní mílíọ̀nù 70 àti pé èdè àfọwọ́sọ tí wọ́n ń sọ káàkiri ju 300 lọ, torí kì í ṣe ẹyọ kan ṣoṣo bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe rò, ti Amẹ́ríkà yàtọ̀ pátápátá sí ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, bẹ́ẹ̀ èdè Gẹ̀ẹ́sì làwọn méjèèjì ń fẹnu sọ. Lọ́dún 2022 WHO gbé àbọ̀ ìwádìí kan jáde lórí bí ìlera ṣe rí fáwọn tó ní ìpèníjà ara, wọ́n ní àwọn kan nínú wọn ń kú ṣáájú àwọn yòókù pẹ̀lú ohun tó lè tó ọdún 20. Wọ́n sì sọ ọ́ síbẹ̀ pé àìrí ìtọ́jú tó yẹ, òṣì àti bí àwọn èèyàn ṣe ń ya wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan wà lára ohun tó ń pa wọ́n.

Ṣé adití ṣíṣe ló wá ń fa àìsàn ọpọlọ ni? Rárá o. Lọ́dún 2012 àwọn onímọ̀ mẹ́ta, Johannes Fellinger àti Daniel Holzinger láti Austria pẹ̀lú Robert Pollard láti Amẹ́ríkà, kó ìwádìí tó wà nílẹ̀ jọ sínú ìwé ìròyìn ìṣègùn The Lancet. Wọ́n rí i pé lóòótọ́ ni àìsàn ọpọlọ pọ̀ láàrin àwọn adití ju ti àwọn tó ń gbọ́ràn lọ, ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tó wà nídìí ẹ̀: ọmọ adití tí òun àtàwọn ará ilé ẹ̀ ò gbọ́ ara wọn yé, ewu àìsàn ọpọlọ tó wà lórí ẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin ti ọmọ adití bíi tiẹ̀ tí wọ́n ń bá sọ̀rọ̀ dáadáa nílé. Adití làwọn méjèèjì, ilé tí wọ́n bọ́ sí ló yàtọ̀.

Ilé yìí gan-an ni kẹ́ ẹ jẹ́ ká wò dáadáa. Nínú ìwádìí tí wọ́n ṣe ní Amẹ́ríkà, ó ju 90 lọ nínú 100 ọmọ adití tó jẹ́ pé òbí tó ń gbọ́ràn ló bí wọn, ọ̀pọ̀ nínú àwọn òbí yìí ò bá adití kankan pàdé rí kí wọ́n tó bí ọmọ tiwọn, ẹni tí wọ́n á sì kọ́kọ́ bá pàdé ni dókítà tó máa sọ fún wọn pé kí wọ́n má fọwọ́ bá a sọ̀rọ̀ o, kó má bàa ya ọ̀lẹ láti fẹnu sọ̀rọ̀. Wọ́n á gba ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, ẹ̀rọ á ṣiṣẹ́ dáadáa fáwọn kan, kò ní fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ fáwọn míì, ọmọ á pé ọdún mẹ́rin, ọdún márùn-ún, kò ní èdè kankan délẹ̀délẹ̀, yálà ti ẹnu tàbí ti ọwọ́. Gbogbo ilé jókòó, wọ́n ń tàkúrọ̀sọ, ẹnì kan sọ nǹkan, gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ọmọ yìí fọwọ́ kan ẹ̀gbọ́n ẹ̀ léjìká, kí ni wọ́n sọ? Ẹ̀gbọ́n ní dúró ná, màá sọ fún ẹ tó bá yá. Kì í yá. Tàbí kó ní kò sí nǹkankan jàre, wọ́n kàn ń ṣàwàdà ni. Ìgbà tí wọ́n ń sọ̀rọ̀ ẹni tó kú nínú ẹbí àti ohun tó pa á, ìgbà tí wọ́n ń jà, ìgbà tí wọ́n ń bẹ ara wọn, gbogbo ẹ̀ ń kọjá lójú ẹ̀ bíi fíìmù tí wọ́n yọ ohùn ẹ̀ kúrò. Ibẹ̀ sì ni àwa tó ń gbọ́ràn ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń sọ pé inú mi bà jẹ́, ojú ń tì mí, ẹ̀rù ń bà mí, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni jókòó kọ́ wa. Ọmọ tí ò rí i kọ́ níbẹ̀ lè dàgbà tán kó mọ̀ pé nǹkan ń jẹ òun nínú, kó má mọ bóun ṣe fẹ́ gbé e jáde.

Àwọn àgbà kan ló fọwọ́ síwèé fún un pé kó rí bẹ́ẹ̀. Lọ́dún 1880 àwọn olùkọ́ ọmọ adití ṣèpàdé ní Milan lórílẹ̀-èdè Ítálì, wọ́n dìbò pé kí wọ́n yọ èdè àfọwọ́sọ kúrò níléèwé, ọ̀rọ̀ ẹnu nìkan ni kí wọ́n máa fi kọ́ wọn. Àwọn adití fúnra wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí níbẹ̀. Láti ìgbà náà lọ, ọ̀pọ̀ ìlú ló ń na ọmọ lọ́wọ́ torí pé ó fọwọ́ sọ̀rọ̀. Ìgbà tó di ọdún 1960 ni William Stokoe, olùkọ́ ní Gallaudet, iléèwé gíga àwọn adití ní Washington, tó kọ̀wé tó fi hàn pé èdè gidi ni, tó ní ìlànà tiẹ̀ bí èdè yòókù. Ọdún 2010 ni irú àpéjọ ti Milan yẹn jókòó ní Vancouver, tí wọ́n kọ ìpinnu yẹn sílẹ̀, tí wọ́n ní àwọn kábàámọ̀ aburú tó fà. Ọdún 130 gbáko.

Ẹnì kan wà tó wù mí ká dúró lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀ díẹ̀, Junius Wilson. Adití ni, aláwọ̀ dúdú, wọ́n bí i lọ́dún 1908 ní North Carolina ní Amẹ́ríkà. Iléèwé tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fáwọn ọmọ aláwọ̀ dúdú tó jẹ́ adití ní Raleigh ló lọ, èdè àfọwọ́sọ tó sì kọ́ níbẹ̀ kì í ṣe irú èyí táwọn adití aláwọ̀ funfun ń sọ. Lọ́dún 1925 wọ́n fẹ̀sùn kàn án pé ó fẹ́ fipá bá obìnrin kan lò pọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́ èdè ẹ̀ nílé ẹjọ́, wọ́n ní orí ẹ̀ ò pé, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù àwọn aláìsàn ọpọlọ ní Goldsboro, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ lọ́dàá. Lọ́dún 1970 wọ́n fagi lé ẹ̀sùn yẹn, ó ti parí lórí ìwé, àmọ́ wọn ò tú u sílẹ̀. Ọdún 1994 ni wọ́n tó fún un ní ilé kékeré kan, inú ọgbà ọsibítù yẹn náà ni ilé ọ̀hún sì wà, títí tó fi kú lọ́dún 2001. Ọmọ nǹkan bí ọdún 17 ló jẹ́ nígbà tí gbogbo ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Inú mi kì í dùn tí mo bá rántí pé ní gbogbo ìgbà tó fi wà níbẹ̀, ẹnikẹ́ni tó bá gbọ́ èdè ẹ̀ ì bá ti bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀.

Irú àṣìṣe yẹn ò tíì tán lónìí, kò kàn le tó ti Wilson ni. Adití tó bá ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, ojú ẹ̀ náà ń sọ̀rọ̀, ìpéǹpéjú tó gbé sókè lè jẹ́ àmì ìbéèrè, ẹnu tó fẹ̀ lè máa sọ bí nǹkan ṣe tóbi tó, tó bá sì fẹ́ kí ẹnì kan wojú òun ó lè lu tábìlì tàbí kó fẹsẹ̀ kilẹ̀ kí ilẹ̀ lè mì. Nọ́ọ̀sì tí ò mọ èyí á kọ ọ́ sínú fáìlì pé aláìsàn ń bínú, aláìsàn ń halẹ̀, ibi tí abẹ́rẹ́ àfisùn ti máa wọ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Èyí tó tún ṣòro jùyẹn lọ ni ti àwọn tí mo sọ lókè tí wọ́n dàgbà láìní èdè kan délẹ̀: ọ̀rọ̀ wọn máa ń já, wọn kì í lè tò ó bó ṣe ṣẹlẹ̀, lánàá àti ọdún tó kọjá á dàpọ̀ mọ́ra wọn. Ẹni tó ní àìsàn ọpọlọ tó le gan-an náà, ọ̀rọ̀ ẹ̀ máa ń já bẹ́ẹ̀. Báwo lẹ ṣe fẹ́ yà wọ́n sọ́tọ̀? Neil Glickman, onímọ̀ ìrònú ẹ̀dá tó ṣiṣẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún pẹ̀lú àwọn adití ní ọsibítù ní Massachusetts, ti kọ̀wé púpọ̀ lórí èyí, ó ní ẹni tó mọ èdè yẹn dénú tó sì tún mọ̀ nípa àìsàn ọpọlọ nìkan ló lè mọ ìyàtọ̀. Ẹ̀gbẹ́ kejì ọ̀rọ̀ yìí wá wà, ìyẹn ògbufọ̀ tó já fáfá àmọ́ tí ò kọ́ nípa ìlera ọpọlọ. Aláìsàn ń fọwọ́ sọ ọ̀rọ̀ rúdurùdu, ògbufọ̀ yìí á tún un ṣe kó lè dùn ún gbọ́, bí wọ́n ṣe kọ́ ọ níbi iṣẹ́ ẹ̀ nìyẹn, dókítà á gbọ́ ọ̀rọ̀ tó já gaara, á ní kò sí nǹkankan tó ń ṣe ẹ́, máa lọlé.

Nǹkan míì tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀: dókítà máa ń bi aláìsàn pé ṣé o máa ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíì ò gbọ́? Báwo ni wọ́n ṣe máa bi ẹni tí ò gbọ́ ohùn kankan rí láyé ẹ̀ ní ìbéèrè yẹn? Joanna Atkinson ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe ìwádìí lórí ẹ̀, ó sì tẹ̀ ẹ́ jáde láàárín ọdún 2006 sí 2007. Àwọn kan tí wọ́n bí ní adití pátápátá sọ fún un pé ọwọ́ làwọn ń rí tó ń bá àwọn sọ̀rọ̀, tàbí ètè tó ń mì, láìsí ara ẹni tó ni ín, àwọn tó ti gbọ́ràn díẹ̀ rí ní tiwọn sì lè sọ pé àwọn gbọ́ ohùn. Ẹni tó bá ń ka ìbéèrè yẹn tààrà látinú ìwé ò ní mọ bó ṣe yẹ kóun bi adití rárá.

Ẹ jẹ́ n sọ̀rọ̀ lórí ẹni tó yẹ kó túmọ̀. Ọ̀pọ̀ ibi ni wọ́n ti ń sọ fún adití pé kó mú ará ilé ẹ̀ dání. Ìyá ẹ̀, ọkọ ẹ̀, ọmọ ẹ̀ tó jẹ́ ọdún mẹ́wàá. Báwo ni obìnrin ṣe máa sọ fún dókítà pé ọkọ òun ń lu òun tó bá jẹ́ ọkọ yẹn ló ń túmọ̀? Ṣé ọmọ ọdún mẹ́wàá ló yẹ kó fẹnu ara ẹ̀ sọ ọ́ pé ìyá mi ní òun fẹ́ kú? Inú máa ń bí mi sí èyí gan-an, mi ò sì rò pé ó yẹ kó ṣẹlẹ̀ níbikíbi tí wọ́n bá ti pe ara wọn ní ọsibítù. Ògbufọ̀ tó kọ́ṣẹ́ ló yẹ kó wà níbẹ̀, ẹni tó ti búra pé òun ò ní gbé ọ̀rọ̀ jáde, torí àwùjọ àwọn adití kì í tóbi, gbogbo wọn mọ ara wọn, ẹ̀rù sì máa ń ba aláìsàn pé ohun tóun bá sọ ní yàrá dókítà lónìí, òun á bá a nígboro tílẹ̀ bá mọ́. Ní ìpínlẹ̀ Alabama ní Amẹ́ríkà, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ àti ìwé ẹ̀rí ọ̀tọ̀ ló wà fún ògbufọ̀ tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ìlera ọpọlọ. Ibòmíì, ògbufọ̀ orí fídíò ni wọ́n ń lò, kò burú tí kò bá sẹ́lòmíì nítòsí, àmọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì bá há nígbà tí èèyàn ń sọ ohun tí ò sọ fẹ́nikẹ́ni rí, ọwọ́ ògbufọ̀ dúró sójú kan lójú fóònù, kò dájú pé onítọ̀hún á tún ní ìgboyà láti bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.

Tí wọ́n bá wá dá adití dúró sí ọsibítù, ọ̀rọ̀ á tún yàtọ̀. Lówọ̀ọ́dù àìsàn ọpọlọ, tí aláìsàn bá ń ṣe jàgídíjàgan, wọ́n lè di ọwọ́ ẹ̀ mọ́ bẹ́ẹ̀dì. Fún ẹni tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ti dí i lẹ́nu nìyẹn, lákòókò tó yẹ kó sọ̀rọ̀ jù. Tí wọ́n bá pa iná, kò lè gbọ́ ẹnikẹ́ni mọ́. Oògùn kan wà tí wọ́n ń fún àwọn tó ń rí ohun tí ò sí, ó máa ń mú kí ọwọ́ gbọ̀n kí ara sì le, aláìsàn míì á fara dà á, ti adití á sọ ọ̀rọ̀ ẹ̀ di kólòlò. Níbi tí àwọn aláìsàn bá ti jókòó yíká láti sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn, òun nìkan ló máa jókòó tí á máa wo ètè wọn, bẹ́ẹ̀ èyí tó hàn lórí ètè nínú ọ̀rọ̀ ò tó ìdajì. Ó lè lo oṣù kan ní ọsibítù kó má bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ gidi, wọ́n á wá kọ ọ́ sínú fáìlì pé kì í dá sí àwọn èèyàn.

Ti àwọn tó ní ìpèníjà míì fara jọ èyí, ibi tó ti ń há wọn ló yàtọ̀. Lọ́dún 1982 Steven Reiss àti àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní Amẹ́ríkà ṣàlàyé nǹkan kan tí àwọn dókítà ń sọ̀rọ̀ ẹ̀ títí dòní: tí wọ́n bá ti mọ̀ pé ọpọlọ ẹnì kan ò yára gba ẹ̀kọ́, wọn kì í rí àìsàn ọpọlọ tó bá tún wà lára ẹ̀ mọ́. Ó ń sunkún lóru, bó ṣe máa ń ṣe ni. Kò jẹun mọ́, bó ṣe máa ń ṣe ni. Wọ́n ń kó gbogbo ẹ̀ sábẹ́ ìpèníjà yẹn. Ó ń ṣẹlẹ̀ sí arọ náà àti sí afọ́jú, tí inú ẹ̀ bá bà jẹ́ fún oṣù mẹ́fà, àwọn èèyàn á ní kí ló tún fẹ́ ṣe, tó bá jẹ́ èmi náà ni inú mi ò ní dùn. Ẹni tó ń gbé lórí kẹ̀kẹ́ arọ lè máa gbádùn ayé ẹ̀ fún ogún ọdún kí ìsoríkọ́ tó dé bá a bó ṣe ń dé bá ẹnikẹ́ni, oògùn àti ìmọ̀ràn tó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn yòókù á sì ṣiṣẹ́ fún òun náà, tí ẹnikẹ́ni bá rántí fún un.

Ẹ wo PHQ-9, fọ́ọ̀mù oníbéèrè mẹ́sàn-án tí wọ́n fi ń wá ìsoríkọ́ káàkiri ayé. Ó béèrè nípa ọ̀sẹ̀ méjì tó kọjá, ṣé ó ń rẹ̀ ẹ́, ṣé o ń rí oorun sùn, ṣé oúnjẹ ń wù ẹ́ jẹ, ṣé o ń rìn tàbí o ń sọ̀rọ̀ falẹ̀ débi pé àwọn èèyàn kíyè sí i. Ẹni tí ọ̀pá ẹ̀yìn ẹ̀ ti bàjẹ́ lè dáhùn bẹ́ẹ̀ ni sí ìdajì ẹ̀ láìní ìsoríkọ́ kankan. Ẹlòmíì ní in gidi, wọ́n á ní ara tó ń rò ó yẹn ló fà á. Afọ́jú ńkọ́? Ẹnì kan ló máa kà á fún un níta gbangba, títí dé ìbéèrè kẹsàn-án tó ń béèrè bóyá ikú ń wá sí i lọ́kàn. Adití ní tiẹ̀, èdè tí wọ́n fi kọ fọ́ọ̀mù yẹn lè jẹ́ èdè kejì fún un. Lọ́dún 2013 ni Katherine Rogers, tó jẹ́ adití fúnra ẹ̀, àtàwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ ní yunifásítì Manchester gbé èyí tí wọ́n ṣe ní èdè àfọwọ́sọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì jáde lórí fídíò, wọ́n sì dán an wò láàrin àwọn adití kí wọ́n tó ní kí àwọn èèyàn máa lò ó.

Òfin wà o. Oṣù Kejìlá ọdún 2006 ni àjọ ìṣọ̀kan àgbáyé fọwọ́ sí àdéhùn lórí ẹ̀tọ́ àwọn tó ní ìpèníjà ara, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ lóṣù Karùn-ún ọdún 2008, orílẹ̀-èdè tó lé ní 180 ló sì ti tẹ́wọ́ gbà á. Abala 25 ní ìtọ́jú tí wọ́n ń fún ẹlòmíì náà ni kí wọ́n fún wọn, ojúlówó kan náà, kí aláìsàn sì mọ ohun tó ń fọwọ́ sí kó tó fọwọ́ sí i. Abala 14 ní wọn ò gbọ́dọ̀ torí ìpèníjà gba òmìnira lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ibẹ̀ ni àríyànjiyàn tó gbóná jù wà báyìí, torí ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó àdéhùn yẹn ń sọ láti ọdún 2014 pé kí àwọn orílẹ̀-èdè jáwọ́ nínú fífi ipá tọ́jú aláìsàn ọpọlọ, ọ̀pọ̀ dókítà sì ń fèsì pé ìgbà míì wà tó jẹ́ pé ẹni tí wọn ò bá dá dúró á kú. Mi ò lè parí ìjà yẹn níbí. Ohun tí mo mọ̀ ni pé wọn ò tiẹ̀ tíì dé ibi tí wọ́n ti lè máa bá adití tí ò gbọ́ ohun tí wọ́n ń sọ jiyàn lórí kó gbà tàbí kó kọ̀.

Àwọn ibi tó ti ń dáa sí i wà. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, dókítà John Denmark bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ka àwọn adití ní ọsibítù Whittingham nítòsí Preston lọ́dún 1968, lónìí irú ẹ̀ wà ní Manchester, London àti Birmingham. Ní Linz ní Austria, ọsibítù kan wà tí àwọn adití ti ń bá dókítà fọwọ́ sọ̀rọ̀ tààrà láìsí ẹnì kẹta láàárín. Ní Amẹ́ríkà, nọ́ńbà 988 tí àwọn tó bá ń ronú ikú lè pè bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 2022, fóònù àti tẹ́ẹ̀sì ni, oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023 ni wọ́n fi fídíò èdè àfọwọ́sọ kún un, tí adití fi lè rí adití bíi tiẹ̀ bá sọ̀rọ̀ láàárín òru.

Ohun tí wọ́n wá ń gbé kiri báyìí ni ère orí kọ̀ǹpútà tó ń fọwọ́ sọ̀rọ̀, wọ́n ní á rọ́pò ògbufọ̀ tówó ẹ̀ wọ́n. Láti ọdún 2018 ni ẹgbẹ́ àwọn adití lágbàáyé àti ẹgbẹ́ àwọn ògbufọ̀ èdè àfọwọ́sọ, WASLI, ti jọ sọ pé ó lè dáa fún ìkéde tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, irú èyí tí ò ń yí padà, àmọ́ kí wọ́n má fi ṣe ọ̀rọ̀ ojúkojú tàbí ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtàkì. Yàrá dókítà ọpọlọ wà lára ibi tí mi ò fẹ́ kó dé. Ohun tí àwọn adití fúnra wọn ń béèrè rọrùn jùyẹn lọ láti sọ, owó ẹ̀ ló ń mú kí wọ́n máa yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀: kí wọ́n kọ́ àwọn adití ní iṣẹ́ dókítà, nọ́ọ̀sì àti kánsẹ́lọ̀, kí ọsibítù béèrè lọ́wọ́ aláìsàn lọ́jọ́ tó gba dáètì pé èdè wo lo ń sọ, ògbufọ̀ wo lo fẹ́, ọkùnrin ni àbí obìnrin, ṣé ẹnì kan wà tó ò fẹ́ rí níbẹ̀, kí ọsibítù sì san owó ẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má tún sọ fún un pé kó lọ mú ọmọ ẹ̀ wá.